Wágọ̀n tí àgbàlagbà á ti lè na ẹsẹ̀ lẹ́yìn: èwo ni ká rà ní Ṣágámù?

ÀdìsáMákùn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló gbé mi dé.

Bàbá mi ṣe iṣẹ́ abẹ ní ìbàdí, wọ́n pààrọ̀ oríkèé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn. Ara ti ń yá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ ká ẹsẹ̀ náà jù, pé níbikíbi tí wọ́n bá jókòó sí, orúnkún ò gbọdọ̀ ga ju ìbàdí lọ. Ọkọ̀ kékeré tí à ń lò báyìí ò gba irú ìyẹn rárá. Èmi ga, mo máa ń ti síìtì mi sẹ́yìn dé òpin kí n tó lè wakọ̀. Ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn mi, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà.

Àwa márùn-ún la jọ máa ń wọ ọkọ̀: bàbá, èmi, ìyàwó mi, ọmọkùnrin wa tó ti ń lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti ìkókó tó ṣì ń lo àga ọmọ tó kọjú sẹ́yìn. Ẹrù wa ò kéré. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí bàbá fi ń rìn gbọ́dọ̀ wọ bùútù. À ń ra gàrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìjẹ̀bú-Òde sì ni àna mi wà, ẹ sì mọ bí ẹrù ṣe máa ń pọ̀ nígbà Iléyá tí gbogbo ẹgbẹ́ bá ń múra Ojúde Ọba.

Wágọ̀n, ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ gùn dé orí bùútù, lọkàn mi lọ sí. Owó wa ò kọjá tòkunbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló gba ẹsẹ̀ jù lẹ́yìn? Mi ò fẹ́ èyí tó jẹ́ pé bùútù rẹ̀ nìkan ló gùn.

Gbọ́yè_Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra Toyota Sienna kí ẹ lọ sinmi. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn tó 303 sẹ̀ǹtímítà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń wọ́ sẹ́yìn ni, kì í ṣí síta, ẹnikẹ́ni ò ní gbá ògiri. Gbogbo mẹkáníìkì ilẹ̀ Yorùbá ló mọ̀ ọ́n tú, tó sì mọ̀ ọ́n tò. Kí lẹ fẹ́ fi wágọ̀n ṣe?

ÌyáBọ́láńlé

Gbọ́yè, ọmọ mi, o ò parọ́. Sienna ni mo fi ń kó gàrí láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Èkó, mo mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì V6, oní-sílíńdà mẹ́fà, ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, epo ò sì rọrùn mọ́. Àwọn èèyàn yìí ò ju márùn-ún lọ. Ilé-ìwé, ọsibítù, ọjà, ibi tí wọ́n ń lọ lójoojúmọ́ nìyẹn. Ṣé kí wọ́n máa ru síìtì òfìfo kiri Ṣágámù ni?

Àdìsá, ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni ẹnu bùútù. Ẹni tó bá ń gbé àpò gàrí mọ̀ pé ibi tí ìbàdí ti ń ro èèyàn ni ibi tí ó ti fẹ́ gbé e kọjá bọ́ńpà. Wágọ̀n tòótọ́, ẹnu bùútù rẹ̀ wálẹ̀, ilẹ̀ inú rẹ̀ sì tẹ́jú mọ́ ẹnu náà. Ẹ gbé àpò lé e, ẹ tì í wọlé, ó parí. Bí ìyàwó yín ló máa ń lọ sọ́jà, òun ni kí ẹ mú lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ ra ọkọ̀, kí ó gbé nǹkan sí i wò.

BàbáPijó_Òde

Ẹ jẹ́ kí àgbà dá sí i.

Pijó 504 wágọ̀n ni mo fi jẹun ní gáráàjì Ìjẹ̀bú-Òde fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí àwọn bọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to Pijó ní Kàdúná. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé wágọ̀n yẹn kì í ṣe ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n kàn fi bùútù kún. Wọ́n na ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ni. Ti ayọ́kẹ́lẹ́ 504, láti táyà iwájú sí táyà ẹ̀yìn jẹ́ 274 sẹ̀ǹtímítà. Ti wágọ̀n jẹ́ 290. Sípíríngì mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀, méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí a fi ń di ẹrù lé e lórí tí kò fi jókòó sílẹ̀.

Ẹni tó bá jókòó ní ìlà kejì, ọba ni. Yóò na ẹsẹ̀, yóò sùn títí dé Benin. Ìlà kẹta ni ìyà wà, nítorí orí táyà ẹ̀yìn gan-an ni wọ́n jókòó sí. Àwọn èrò mọ̀ ọ́n. Ìlà kejì ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré gbà, ẹni tó bá pẹ́ dé ló ń lọ sẹ́yìn.

Nítorí náà, Àdìsá, má wo bí ọkọ̀ ṣe gùn lápapọ̀. Béèrè bí táyà iwájú ṣe jìnnà sí táyà ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ èèyàn ń gbé. Ohun tó bá wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, ti ẹrù ni.

ÀdìsáMákùn

Ẹ ṣé gan-an ni, bàbá. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí. Ṣé 504 wágọ̀n tàbí 505 ṣì ṣeé rà lónìí fún irú bàbá tèmi?

Mẹkó_Mọlípà

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín dáhùn. Mo ṣì ń tún 505 wágọ̀n ṣe fún àwọn èèyàn kan níbí, 290 náà ni tiẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn dénú. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí ẹ óò máa gbé lọ sí ọsibítù, mi ò ní ní kí ẹ rà á. Páàtì tòótọ́ ti wọ́n, irin ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ti jẹ, kò sì sí èyí tó ní báàgì afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo èèyàn bí ọkọ̀ bá forí gbárí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá wágọ̀n, ẹ gbọ́ bó ṣe rí lọ́wọ́ wa níbí. Mercedes E-Class wágọ̀n, èyí tí àwa mẹkáníìkì ń pè ní W211, jẹ́ 285 sẹ̀ǹtímítà láàárín táyà. W212 tó tẹ̀ lé e jẹ́ 287. Volvo V70 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 2007 sún mọ́ 282. Toyota Venza, bí ẹ bá fẹ́ kà á mọ́ wágọ̀n, jẹ́ 278, iye kan náà pẹ̀lú Camry 2007. Toyota Matrix tí ó kún ìgboro jẹ́ 260 péré. Ẹ rí i pé Matrix ní ẹnu bùútù wágọ̀n, síbẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ tí Àdìsá ń wá.

Mercedes yẹn, ẹ̀yìn W211 wágọ̀n ń lo báàgì rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń kún dípò sípíríngì. Bí ẹrù bá wọ̀ ọ́, á gbé ara rẹ̀ sókè, ọkọ̀ á tún dọ́gba. Ó dùn ún gùn. Ṣùgbọ́n rọ́bà ni, rọ́bà sì ń gbó. Bí ẹ bá débi tí wọ́n ti ń tà á ní òwúrọ̀, tí ẹ bá ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti lọ sílẹ̀ bí ẹni tó jókòó, afẹ́fẹ́ ti jò lóru nìyẹn. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á kó má tíì tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó dé.

Gbọ́yè_Ìkẹ́nnẹ́

Ọ̀gá Mẹkó, ẹ ò wá ní sọ pé kí wọ́n lọ ra Mercedes fún ọ̀nà Ògíjó?

Mẹkó_Mọlípà

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ń fi iye hàn wọ́n kí wọ́n lè fi wé ara wọn ni. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ìkòròdú nígbà òjò á wo bí abẹ́ ọkọ̀ ṣe ga kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú. Abẹ́ Subaru Outback láti 2010 ga tó 22 sẹ̀ǹtímítà kúrò nílẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fà. Wágọ̀n gidi ni. Ṣùgbọ́n 274 ló wà láàárín táyà rẹ̀, páàtì rẹ̀ ò sì pọ̀ níbí, ẹ óò máa lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin fún nǹkan kékeré.

ỌmọAlárè_Jámánì

Mo kí gbogbo ilé láti Stuttgart. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí, wágọ̀n ni mo ń wà níbí láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Níbí, wágọ̀n ni ọkọ̀ ìdílé. Takisí tó ń gbé èèyàn lọ sí pápákọ̀ òfuurufú gan-an, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni E-Class wágọ̀n, èèyàn mẹ́rin pẹ̀lú àpótí ńlá wọn á sì wọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí BàbáPijó sọ ṣe pàtàkì, mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Oríṣi wágọ̀n méjì ló wà. Èkíní ni èyí tí wọ́n fà láàárín, bíi 504. Opel Vectra tí wọ́n ṣe láti 2003 wà lára wọn: ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ jẹ́ 270, wágọ̀n rẹ̀ jẹ́ 283, sẹ̀ǹtímítà 13 tó lé yẹn sì wúlò fún ẹsẹ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn. Èkejì ni èyí tí ohun gbogbo dọ́gba pẹ̀lú ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀, tí wọ́n kàn gbé òrùlé dé ẹ̀yìn. Peugeot 406 wágọ̀n nìyẹn, 270 ni òun àti ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀. Ó gbẹrù dáadáa, àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó lẹ́yìn ayọ́kẹ́lẹ́ 406 rí ti mọ bí ẹ̀yìn wágọ̀n náà ṣe rí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni Skoda Superb wágọ̀n ti 2015 síwájú. 284 ló wà láàárín táyà, bùútù rẹ̀ gba lítà 660 láì tẹ síìtì. Èmi tó ga, mo máa ń to síìtì awakọ̀ fún ara mi, màá bọ́ sẹ́yìn, màá jókòó lẹ́yìn síìtì kan náà, màá sì gbé ẹsẹ̀ lé ara wọn. Passat wágọ̀n ọdún kan náà, tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, jẹ́ 279. Passat ẹ óò rí dáadáa nílé. Superb ló ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan náà ló ni àwọn méjèèjì, ọ̀pọ̀ páàtì wọn ló sì bára mu. Gíà DSG, irú gíà kan tó ń pààrọ̀ fúnra rẹ̀, tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Kì í ṣe gíà tí èèyàn ń tú lábẹ́ igi máńgòrò. Ó nílò kọ̀ǹpútà àti ẹni tó kọ́ ọ.

Ṣẹ́gun_Odógbolú

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń ta Superb wágọ̀n rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ṣé kí n bá Bọ̀dá Àdìsá bá a sọ̀rọ̀?

ỌmọAlárè_Jámánì

Rárá o. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárín ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní wíwakọ̀ lọ́wọ́ òsì, wọn kì í sì í fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìwé. Bẹ́ljíọ̀mù, Jámánì, Họ́láńdì tàbí Amẹ́ríkà ni kí ọkọ̀ yín ti wá. Ẹni tó bá ní òun lè yí sítíárín pa dà, ẹ má ṣe dá a lóhùn. Ẹ̀mí bàbá wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìlíṣàn

Ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn tí wọ́n pààrọ̀ oríkèé ìbàdí fún bí wọ́n ṣe máa jókòó, tí wọ́n á dìde, tí wọ́n á wọ mọ́tò. Gbogbo yín ń wọn gígùn, ó dáa. Ṣùgbọ́n gíga síìtì ṣe pàtàkì fún bàbá yìí ju gígùn lọ.

Síìtì tó bá wálẹ̀ jù, èèyàn á rì sínú rẹ̀, orúnkún á yọrí ju ìbàdí lọ, ìbáà jẹ́ pé àyè tó wà níwájú ẹsẹ̀ tó èyí tí wọ́n lè fi tẹ́ ẹní. Oríkèé tuntun lè yẹ̀ bí wọ́n bá ká a kọjá igun 90. Síìtì tó bá bá ìbàdí bàbá mu nígbà tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wá, kí wọ́n má ṣe gun òkè, kí wọ́n má sì ṣe wó lulẹ̀. Bí ẹ bá ti rí ọkọ̀ tí ohun gbogbo dára nínú rẹ̀ àyàfi pé síìtì rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, tìmùtìmù líle tó ga lábẹ́ ìdí á ràn wọ́n lọ́wọ́. Kì í ṣe fóòmù rírọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n á gbà wọlé rèé. Wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí síìtì, wọ́n á sún sẹ́yìn títí ẹsẹ̀ á fi kan ẹnu ọkọ̀, wọ́n á na ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún síwájú, wọ́n á jókòó jẹ́jẹ́, kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀. Ọ̀rá tó ń yọ̀ lórí síìtì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti yípo, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò kí ọkọ̀ tó gbéra. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ṣí gbàgà. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí ẹsẹ̀ gba àyè nínú wọn ṣùgbọ́n ẹnu ilẹ̀kùn há, táyà ẹ̀yìn ti gba ibẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ bi yín nìyí, Àdìsá: kí ló dé tí bàbá ò lè jókòó níwájú? Síìtì iwájú ṣeé tì sẹ́yìn, ó ṣeé dà. Níwájú la máa ń kọ́kọ́ fi wọ́n sí.

ÀdìsáMákùn

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ti bi wọ́n. Bàbá mi jẹ́ olóyè, níbi tí wọ́n ti ń jókòó láti ọdún pípẹ́ ni ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n ní àwọn ò ní dé Ojúde Ọba kí àwọn bọ́ sílẹ̀ níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ní báyìí tí wọ́n ń lọ sí ọsibítù, wọ́n gbà láti jókòó níwájú. Ṣùgbọ́n bí ara bá ti le, ẹ̀yìn ni wọ́n ń pa dà sí, mi ò sì ní bá wọn jà.

BàbáPijó_Òde

Bàbá rẹ jàre. Ipò àgbà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Ìlíṣàn

Kò burú, bí dókítà bá ti yọ̀ǹda. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lẹ́yìn ni wọ́n máa jókòó, ó ti rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ nìyẹn, nítorí ọwọ́ òsì ni ẹ̀yin awakọ̀ wà. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ó wà níwájú bàbá, ìyàwó yín ni. Ṣé ìyàwó ga bíi tiyín?

ÀdìsáMákùn

Rárá, kò ga rárá. Mi ò rò ó dé ibẹ̀ rí.

ÌyáBọ́láńlé

Ìkókó wá ńkọ́? Ẹ̀yìn Àdìsá ni àga ọmọ á wà nìyẹn, àga tó kọjú sẹ́yìn sì máa ń gba àyè ju àgbàlagbà lọ, torí ó dà sílẹ̀ ni. Nígbà tí mo ń tọ́ ọmọ ọmọ mi, àga yẹn ló ń fi síìtì iwájú tì wá mọ́ gíláàsì.

ỌmọAlárè_Jámánì

Màmá, ẹ̀yin lẹ kan ibi tó yẹ. Ìkókó yìí ló máa jẹ́ kí Àdìsá mọ ọkọ̀ tó tó àti èyí tí kò tó, kì í ṣe bàbá. Àdìsá, ẹ gbé àga ọmọ náà dání lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ ra ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ to síìtì yín bí ẹ ṣe máa ń wakọ̀ gan-an, ẹ má ṣe tò ó fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ẹ so àga ọmọ mọ́ síìtì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àga náà ò gbọdọ̀ fi agbára ti ẹ̀yìn síìtì yín. Bí ẹ bá ní láti sún síwájú títí orúnkún yín fi kan abẹ́ sítíárín, ọkọ̀ yẹn ò tó yín, iye yòówù kí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀.

Ẹ má sì fi àga tó kọjú sẹ́yìn sí iwájú níbi tí báàgì afẹ́fẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ láéláé. Bí báàgì yẹn bá bú jáde, ó lè pa ọmọ.

Ọmọkùnrin yín ló máa wà láàárín. Nínú Mercedes, ọ̀pá tó ń yí táyà ẹ̀yìn gba abẹ́ ilẹ̀ àárín kọjá, òkè kan wà níbẹ̀, ọmọ á ya ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ọmọ kékeré á fara dà á. Àgbà ò ní fẹ́ ẹ.

Mẹkó_Mọlípà

Bí ẹ bá ti ń lọ wò ó, ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ síìtì iwájú. Ohun méjì lẹ fẹ́ mọ̀ níbẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ṣé ẹsẹ̀ ẹni ẹ̀yìn lè wọ abẹ́ rẹ̀? Síìtì oníná máa ń ní mọ́tò àti wáyà lábẹ́, bàtà àgbàlagbà ò ní rí ibi wọ̀, bí orúnkún tilẹ̀ ní àyè. Èkejì, ẹ fọwọ́ ra irin tí síìtì ń wọ́ lórí rẹ̀. Bí ìpẹtà bá wà lórí irin yẹn nínú ọkọ̀ tí òkè rẹ̀ ń dán, omi ti wọ inú ọkọ̀ náà rí. Ọkọ̀ tí àgbàrá gbé ní Amẹ́ríkà ń dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fín lọ́fínńdà sí i. Ẹ gbé pákó ilẹ̀ bùútù sókè, ẹ wo ihò tí táyà àpamọ́ ń gbé. Ẹrẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀ kì í parọ́.

Ti wágọ̀n nìkan: ilẹ̀kùn bùútù. Ẹ ṣí i, kí ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá ń rọra wálẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn ọ̀pá oníafẹ́fẹ́ tó gbé e ró ti kú. Ìyẹn ò wọ́n púpọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wo rọ́bà oníhò tí wáyà gbà láti òrùlé wọ ilẹ̀kùn náà. Ṣíṣí àti pípa ló ń já wáyà inú rẹ̀, iná ẹ̀yìn, wáípà àti títì á wá máa ṣe ségesège. Ríwáyà tó mọṣẹ́ á tún un ṣe láàárọ̀ kan, ṣùgbọ́n ẹ yọ owó rẹ̀ nínú iye tí ẹ fẹ́ san.

ÀdìsáMákùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti lọ, a ti bọ̀. Bàbá, ìyàwó mi, àga ọmọ, irin ìrìn, gbogbo wa la lọ. Ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la dé, ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Èkó.

W211 wágọ̀n la kọ́kọ́ rí. Ẹwà ni. Àyè pọ̀ níwájú ẹsẹ̀ bàbá débi pé wọ́n na ẹsẹ̀ ọ̀tún tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ jókòó, ibi tí ìdí wọn ń lọ jìnnà. Mo rí i pé wọ́n di ilẹ̀kùn mú, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, orúnkún sì yọrí bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Láti dìde ló tún le jù. Èmi àti ìyàwó mi la jọ fà wọ́n jáde.

Volvo V70 sàn díẹ̀. Síìtì rẹ̀ ló dára jù nínú gbogbo ohun tí a jókòó lé. Àga ọmọ wọ ẹ̀yìn mi bí mo bá sún díẹ̀ síwájú. Ẹni tó ń tà á ò ní ìwé pípé, a kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí a dé ìdí Venza, bàbá kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n sì jókòó. Ó tán. Wọn ò wálẹ̀, wọn ò gòkè. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọlé, fìlà abetí ajá wọn ò kan òrùlé, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn síìtì náà ṣeé dà díẹ̀, a dà á, ìbàdí wọn sì ṣí sí i. Àga ọmọ wọ ẹ̀yìn mi láì fi agbára tì mí. Ìyàwó mi ló ti síìtì tiẹ̀ síwájú, ó ní àyè ṣì kù fún òun.

Méjì ni wọ́n ní níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì lítà 2.7 àti V6 lítà 3.5. Èwo ni kí n mú? Ó dà bíi pé bàbá ti mú tiwọn ní ti ọkọ̀.

Gbọ́yè_Ìkẹ́nnẹ́

Inú mi dùn fún yín, ẹ̀gbọ́n. Toyota náà ṣì ni.

BàbáPijó_Òde

Venza kì í ṣe wágọ̀n lójú tèmi, àmọ́ àgbà ti jókòó sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dùn ún. Ẹ rà á.

Mẹkó_Mọlípà

Ẹ mú 2.7. Agbára ẹṣin 182 ló ní, V6 ní 268. Fún ọ̀nà Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde àti èèyàn márùn-ún, 2.7 tó, epo rẹ̀ sì sàn. Ìdí kejì tí mo fi ní kí ẹ mú un ni táyà. Rímù íǹṣì 19 ló wà lẹ́sẹ̀ 2.7, ti V6 jẹ́ 20. Méjèèjì wọ́n ju ti Camry lọ, ṣùgbọ́n 20 ló tún wọ́n jù, rọ́bà rẹ̀ sì tín-ín-rín sí i, kòtò á tètè bà á jẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ sí ara táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nọ́ńbà mẹ́rin ni, méjì tó gbẹ̀yìn ni ọdún. Bí táyà bá ti gbó, ẹ gé owó rẹ̀ kúrò.

Gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú láti ilé-iṣẹ́. Ẹ lọ gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí ẹ tó máa gba ojú ọ̀nà márosẹ̀, kí wọ́n má bàa máa dá bàbá dúró nínú oòrùn.

ÀdìsáMákùn

2.7 la ó mú. Màmá Bọ́láńlé, ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹrù, báwo ni kí n ṣe to gàrí àti irin bàbá sẹ́yìn? Kò sí ògiri kankan láàárín bùútù àti orí àwọn ọmọ.

ÌyáBọ́láńlé

O ṣeun tí o bèèrè. Àpò gàrí, ilẹ̀ pátápátá, kí ó fara ti ẹ̀yìn síìtì tímọ́tímọ́, má ṣe fi àyè sílẹ̀ láàárín. Bí o bá tẹ búréèkì lójijì, ohun tó bá ní àyè láti sáré ló ń ṣeni léṣe. Ẹrù kankan ò gbọdọ̀ ga ju orí síìtì lọ, ìbáà jẹ́ aṣọ Ojúde Ọba. Irin bàbá, ká a pọ̀, tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí àpò, kí o fi okùn onírin ìdè so ó mọ́ àwọn òrùka tó wà nílẹ̀ bùútù. Bí o ò bá rí òrùka, gbé pákó rẹ̀ sókè díẹ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n sábà máa ń wà. Okùn náà wà lọ́jà Òkè-Ajé, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ọkọ̀ akẹ́rù. Ra méjì.

Bí o bá sì ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi kí o tó gbéra. Màá ti ní kí wọ́n yan gàrí tó gbẹ dáadáa sílẹ̀ fún bàbá.